Ibùdó Hamdallaye: wọ́n ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbájáde há

Téèyàn bá gba ọ̀nà Filingué jáde kúrò ní Niamey, nǹkan bí 40 kìlómítà ni yóò rìn kó tó dé Hamdallaye. Ìlú kékeré ni, yanrìn ibẹ̀ pọ̀ ju igi lọ. Ẹ̀gbẹ́ ìlú yẹn ni ibùdó kan wà tí UNHCR, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogúnléndé lágbàáyé, àti ìjọba Nìjẹ̀ jọ dá sílẹ̀ fún àwọn ogúnléndé tí wọ́n fi bàálù kó kúrò ní Líbíyà. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé kí èèyàn dé, kí ara rẹ̀ balẹ̀, kí orílẹ̀-èdè mìíràn gbà á, kó sì máa lọ. Ibi ìdúró díẹ̀ ni, kì í ṣe ibi ìgbé.

Ańkárá, òwú, síìpù àti bọ́tìnì ni mò ń tà ní Grand Marché, ọjà ńlá Niamey. Àwọn tó ń kọ́ àwọn obìnrin ibùdó náà ní iṣẹ́ ìránṣọ máa ń ra ọjà lọ́wọ́ mi, èmi fúnra mi sì máa ń bá ẹrù náà dé ọ̀hún. Bí mo ṣe mọ ibẹ̀ nìyẹn. Àwọn Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi ní Niamey, àti àwọn ará ilé ní Ṣakí, kì í yéé bi mí bóyá iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tàbí wọ́n kàn ń fi ìyà àwọn èèyàn náà gba owó lọ́wọ́ òyìnbó. Ìbéèrè yẹn tó èèyàn dáhùn dáadáa, ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Iṣẹ́ gidi ni. Ti pé wọ́n gba ẹ̀mí là, ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ti ìtọ́jú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mẹ́rin. Ti bí ẹni náà ṣe máa kúrò níbẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ níbòmíràn, méjì péré, ẹ̀bi ìyẹn kò sì sí lọ́rùn Nìjẹ̀ rárá.

Ẹni tí kò bá mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ kò lè mọ iyì ibi tí wọ́n dé. Líbíyà kò fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 1951 lórí ọ̀rọ̀ ogúnléndé. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ láìní ìwé, ọ̀daràn ni lójú òfin wọn, yálà ogun ló lé e wá tàbí ebi. Àhámọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Bó bá rọ́nà wọ ọkọ̀ ojú omi tó dorí kọ Ítálì, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Líbíyà sì bá a lójú òkun, àhámọ́ yẹn náà ni wọ́n ń dá a padà sí. Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 2019, bọ́ǹbù bọ́ lu àhámọ́ Tajoura lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tripoli. Èèyàn tó lé ní 50 ló kú sínú ilé tí wọ́n tì wọ́n mọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé àwọn yẹn kò rí ogun sá fún. Àyè àtisá ni wọn kò rí.

Inú irú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ wọ́n. Bàálù àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Niamey ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kọkànlá ọdún 2017. Èèyàn 25 ló gbé, ará Eritrea, Ethiopia àti Sudan, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni CNN gbé fídíò jáde níbi tí wọ́n ti ń ta àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní gbàǹjo ní Líbíyà, tí gbogbo ayé lanu tí wọn kò lè pa á dé. Nìjẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn kí ayé tó lanu. Láti ìgbà yẹn wá, àwọn tó ti gba ọ̀nà Niamey jáde kúrò ní Líbíyà ti lé ní 4,000.

Mo fẹ́ kí ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún orílẹ̀-èdè tó tòṣì tó bẹ́ẹ̀. Nígbàkigbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá to àwọn orílẹ̀-èdè lẹ́sẹẹsẹ lórí bí ìgbé ayé àwọn ará ìlú ṣe rí, ìsàlẹ̀ pátápátá ni a ti ń wá orúkọ Nìjẹ̀. Síbẹ̀, ó gbà kí bàálù kó àwọn tí kò ní páásípọ́ọ̀tù, tí kò ní fíìsà, tí púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ orúkọ Niamey rí, wá sórí ilẹ̀ rẹ̀. Àwa ọmọ Nàìjíríà ló yẹ ká kọ́kọ́ dúpẹ́. Nígbà tí Boko Haram dojú Borno rú, Diffa ni àwọn èèyàn wa sá lọ. Nígbà tí àwọn agbébọn kò jẹ́ kí Sokoto, Zamfara àti Katsina rójú, Maradi ni wọ́n sá wọ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye wọn ló ṣì wà níbẹ̀. Inú máa ń bí mi nígbà tí mo bá gbọ́ tí ọmọ Nàìjíríà ń pe ará Nìjẹ̀ ní alágbe.

Ní ti ìtọ́jú, ohun tí mo fojú rí ni màá sọ. Ilé kéékèèké ni wọ́n ń gbé, irin àti pátákó oníke ni wọ́n fi kọ́ wọn, wọ́n sì tò wọ́n ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ pẹ̀lú àyè láàárín. Oòrùn oṣù Kẹrin ní Nìjẹ̀ kò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé, nítorí náà abẹ́ àtíbàbà ni ìgbésí ayé ibẹ̀ wà lọ́sàn-án: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ èdè Faransé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di irun, ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń ya àwòrán. Àwọn dókítà wà, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ náà wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n jókòó ti èèyàn kí wọ́n sì gbọ́ ohun tó ti fojú winá rẹ̀. Ògbufọ̀ wà fún Tigrinya, Amharic, Sòmálì àti Lárúbáwá. Ẹni tó bá ti dé ilé ìwòsàn rí níbi tí kò ti gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni ló máa mọ bí ògbufọ̀ ṣe ṣe pàtàkì tó.

Ṣùgbọ́n yàrá ìránṣọ ni mo mọ̀ jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Líbíyà dé kì í fẹ́ jókòó kó kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn. Mo kọ́kọ́ rò pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń wá. Obìnrin Zarma, ẹ̀yà kan ní Nìjẹ̀, tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ ló ṣàlàyé fún mi pé nínú àhámọ́, ẹni tó bá kẹ́yìn sílẹ̀kùn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fà jáde lóru. Ó wá yí gbogbo ẹ̀rọ ìránṣọ náà padà kí olúkúlùkù lè máa rí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ìwé tó kọ́ ọ nìyẹn. Ó wò wọ́n, ó rí i, ó ṣe é. Bí mo bá ń sọ pé ìtọ́jú ibẹ̀ dára, irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, kì í ṣe àwọn ọkọ̀ funfun tó ń sáré lójú títì.

Ọmọbìnrin ará Eritrea kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí iṣẹ́ débi pé ó ń rán kọlà ẹ̀wù ọkùnrin kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Zarma ló kọ́kọ́ gbọ́ kó tó gbọ́ Faransé. "Fofo" ni yóò fi kí mi láti ọ̀ọ́kán, yóò sì wá gba ẹrù lórí mi. Ó máa ń pò ìyẹ̀fun jéró, á jẹ́ kó kan dáadáa bí ọ̀gì, á sì dà á sórí agbada pẹlẹbẹ láti fi ṣe injera, oúnjẹ ilé wọn. Kì í ṣe irú ọkà tí wọ́n ń lò nílé wọn ni, ṣùgbọ́n ó ní bí òórùn rẹ̀ bá ti sọ, òun a rí ìyá òun. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Bani Walid, ìlú kan ní Líbíyà níbi tí wọ́n ti ń na èèyàn kí àwọn ará ilé lè gbọ́ igbe lórí fóònù kí wọ́n sì sanwó, díẹ̀ ló sọ fún mi. Èmi náà kò bi í síwájú sí i. Ìbéèrè tiẹ̀ ló pọ̀ jù, ọ̀kan náà ni nígbà gbogbo: "Mama, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan ní ìlú?"

Ohun tó ń bèèrè ni bóyá àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè kan ti dé láti wá fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò.

Ibí ni ìràwọ̀ ti ń jábọ́. Kí èèyàn tó kúrò ní Hamdallaye, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ni yóò là kọjá. Wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ogúnléndé ni lábẹ́ òfin. UNHCR á wá kọ fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè kan. Àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè yẹn á wá bi í ní ìbéèrè tiwọn, láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé kò sọ ọ́ rí. Àwọn aláàbò ìlú wọn á yẹ orúkọ rẹ̀ wò. Dókítà á yẹ ara rẹ̀ wò. IOM, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, á ṣètò ìrìn àjò. Bí orílẹ̀-èdè náà bá sọ pé rárá ní ìpele èyíkéyìí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òmíràn, a kì í sì í fìgbà gbogbo sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ẹ wo bí ó ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Láàárín oṣù Kọkànlá 2017 sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta 2018, èèyàn 1,020 ni wọ́n ti kó dé Niamey. Àwọn tó ti rí ibi lọ nínú wọn jẹ́ 25, Faransé ló sì gbà wọ́n. Nìjẹ̀ ní ó tó: bí ẹ̀yin tí ẹ lówó kò bá kó wọn, àwa kò lè máa gbà wọ́n bí omi tó ń dà sínú ìkòkò tí kò níhò. Wọ́n dá bàálù náà dúró, ó sì di oṣù Karùn-ún kó tó tún gbéra. Láàárín ìgbà yẹn, ẹni tó yẹ kí bàálù gbé wà nínú àhámọ́ ní Líbíyà. Ẹ ò rí i pé ìjáfara ọ́fíìsì kan ní Yúróòpù ló ń pinnu ẹni tí yóò sùn sí Tajoura lálẹ́.

Faransé ti sọ ní ọdún 2017 pé òun yóò gba 3,000 láti Nìjẹ̀ àti Chad láàárín ọdún méjì, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì máa ń wá sí Niamey nígbà náà lóòótọ́. Kánádà, Sweden, Netherlands, Switzerland, Jámánì, Norway, gbogbo wọn náà ti gba èèyàn. Mi ò ní fi ìyẹn dù wọ́n. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹni ń fún ọmọ ní gààrí, tí wọ́n á sì máa ṣà wọ́n: ìdílé àti ọmọdé kọ́kọ́ rí ibi lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá wà a sì dúró lẹ́yìn. Nígbà tí kòrónà dé ní oṣù Kẹta 2020, UNHCR àti IOM dá ìrìn àjò náà dúró káàkiri ayé. Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni bàálù láti Líbíyà tó tún wá sí Niamey. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba níbí ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, ojú òfuurufú wà ní títì di oṣù Kẹsàn-án. Ẹnubodè Nàìjíríà náà tì, ẹrù èmi gan-an há, owó ańkárá gun òkè. Ṣùgbọ́n ẹrù ni tèmi. Ẹni tó ní ọjọ́ ìrìn àjò lọ́wọ́ nígbà yẹn, ayé rẹ̀ ló há.

Ìdí kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára. Ìyá tó bí bàbá mi wà lára àwọn Yorùbá tí ìjọba Busia lé kúrò ní Gánà ní ìparí ọdún 1969. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wọn láti gba ìwé tàbí kí wọ́n kẹ́rù. Tamale ló ń gbé, ó fi ìsọ̀ aṣọ sílẹ̀ tòun ti aṣọ inú rẹ̀. Ní Lomé, lójú ọ̀nà, obìnrin Ewe kan tí kò mọ̀ ọ́n rí gba òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ilé, ó sì ń bọ́ wọn títí wọ́n fi rí ọkọ̀ tó ń lọ sí Kútọnu. Títí tí Màmá fi kú, orúkọ obìnrin yẹn kò kúrò nínú àdúrà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ní ilé tó ń lọ. Ṣakí wà níwájú rẹ̀, wọ́n ń retí rẹ̀. Àwọn ti Hamdallaye kò lè padà sẹ́yìn, wọn kò sì mọ ibi tó wà níwájú. Inú rere ẹni tó wà lójú ọ̀nà kò lè dípò ilé tó yẹ kó wà ní òpin ọ̀nà, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti owó náà, nítorí pé òun ni àwọn èèyàn wa máa ń fi bú ètò yìí. Òótọ́ ni pé Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù wà lára àwọn tó ń náwó sí i. Òótọ́ sì ni pé Yúróòpù kan náà ló ń náwó sí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Líbíyà tó ń dá ọkọ̀ ojú omi padà, tí Ítálì sì bá Líbíyà ṣe àdéhùn lórí rẹ̀ ní oṣù Kejì 2017. Àpò kan náà ló ń sanwó fún ẹni tó ń ti èèyàn sínú kànga àti ẹni tó ń fa díẹ̀ lára wọn jáde. Mo bínú sí ọwọ́ àkọ́kọ́. Mi ò lè bínú sí èkejì, nítorí mo ti jókòó ti àwọn tó fà jáde.

Bákan náà, ẹ má ṣe fi Hamdallaye wọn gbogbo Nìjẹ̀. Ní Agadez, nǹkan bí kìlómítà 15 sí ìlú, ibùdó mìíràn wà nínú aṣálẹ̀. Àwọn ará Sudan ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹsẹ̀ ara wọn àti ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi dé láti ìparí ọdún 2017, kì í ṣe bàálù. Ogun Darfur kan náà ló lé wọn, àhámọ́ Líbíyà kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n yọ ara wọn fúnra wọn, ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún ẹni bàálù kò sí fún wọn. Ní oṣù Kejìlá 2019, wọ́n rìn wọ ìlú, wọ́n lọ jókòó síwájú ọ́fíìsì UNHCR. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kíní 2020, wọ́n fi agbára kó wọn padà, iná sì sọ nínú ibùdó náà, ó jó púpọ̀ nínú rẹ̀ di eérú. Láti oṣù Kẹsàn-án 2024, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de ìjókòó mìíràn. Ìràwọ̀ kan ni mo fún ètò tó fi ọ̀nà tí èèyàn gbà dé ṣe òṣùwọ̀n ohun tó tọ́ sí i. Tí wọ́n bá bi mí, mo rò pé ẹni tó fẹsẹ̀ rin Sàhárà kò yẹ kó pàdánù nítorí pé ó lókun.

Àwọn tó ń fi Gashora, ibùdó irú èyí tó wà ní Rwanda, wé tiwa, mi ò dé ibẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àdéhùn tiwọn wáyé ní oṣù Kẹsàn-án 2019, àti pé èèyàn 66 ló wà nínú bàálù àkọ́kọ́.

Ọmọbìnrin aránṣọ yẹn rí ibi lọ nígbẹ̀yìn. Orílẹ̀-èdè kan ní àríwá Yúróòpù ló gbà á. Ó fi fóònù ránṣẹ́ sí mi: fótò ẹ̀wù òtútù kan tó fúnra rẹ̀ rán, òwú rẹ̀ gún régé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù kan náà wà níbẹ̀ nígbà tí mo tún gbé ẹrù lọ, òun náà sì bi mí pé ṣé mo gbọ́ nǹkan kan ní ìlú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Líbíyà, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án péré ni àwọn aláṣẹ Líbíyà gbà kí UNHCR máa kọ orúkọ àwọn èèyàn wọn sílẹ̀, Nàìjíríà kò sì sí lára wọn. Nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé òun máa fi orúkọ ọmọ yín sínú bàálù Niamey. Kò sẹ́ni tó ń ta ààyè níbẹ̀. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà ni ti IOM, tó ń gbé ẹni tó bá fẹ́ padà sílé wá sí Èkó lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ilé gan-an ni ewu wà fún ọmọ náà, tàbí pé àwọn tó tà á ń dúró dè é nílé, kó sọ ọ́ síta kó tó fọwọ́ sí ìwé ìpadàbọ̀, kó sì béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun bá UNHCR sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin Yorùbá tí ẹ ti di ọmọ ìlú ní Faransé, Jámánì, Netherlands tàbí Kánádà, ìbò wà lọ́wọ́ yín, aṣòfin yín sì ní láti dá yín lóhùn. Ẹ kọ lẹ́tà sí i, kó ṣókí, kó jẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo: mélòó ni a gbà láti Niamey lọ́dún yìí, mélòó ló sì kù tí a ti fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò tí a kò tíì dá lóhùn?